Gàárì Kọ́ọ̀pù Mẹ́ta Sọ Mí Di Ìwọ̀fà

Nígbà tí olùkọ́ wa ní kí àwa JSS2 kọ nǹkan lórí ìwà ọmọlúàbí àti owó, àwọn kan ní kí n má kọ tèmi, pé ojú á tì mí. Ojú ti tì mí tẹ́lẹ̀ ná. Gbogbo ẹni tó wà ní ìpàdé ẹgbẹ́ lọ́jọ́ Tọ́sìdeè yẹn ló gbọ́ ìbéèrè tí mo béèrè, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí olùkọ́ fi lu tábìlì. Ó sàn kí èmi fúnra mi sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ ju kí àwọn ẹlòmíì máa bá mi sọ ọ́ kiri lọ. Ọ̀rẹ́ mi tí ọ̀rọ̀ náà kàn, mo ti ka ìwé yìí fún un kí n tó fi sílẹ̀. Ó ní kí n yọ ibì kan kúrò, mo sì ti yọ ọ́. Ó ní kí n má dárúkọ òun, kí n kàn pe òun ní Báńkì bí gbogbo wa ṣe ń pè é ní họ́sítẹ́ẹ̀lì.

Nígbà tí a fẹ́ wọlé fún táàmù kejì, Màmi ló di àpótí provision mi. Gàárì múdù mẹ́ta, ṣúgà páálí kan, mílíìkì onílọ́rá mẹ́rìnlélógún, Milo, ẹ̀pà, àti kulikuli tí wọ́n rà ní Kàdúná. (Àwọn ìbátan wa tó wà ní Èkó rò pé àwọn mọ kulikuli. Wọn ò mọ̀ ọ́n.) Màmi ò kàn kó nǹkan sínú àpótí bẹ́ẹ̀, ṣe ni wọ́n ń kà á.

"Àjọkẹ́, ọ̀sẹ̀ mélòó ni táàmù?"

Mo ní méjìlá.

"Mílíìkì mẹ́rìnlélógún nìyí. Mélòó ló kan ọ̀sẹ̀ kan?"

Mo ní méjì.

"O ṣeun. Má jẹ́ kó di mẹ́ta."

Nígbà tí a dé ilé-ìwé, wọ́n fún mátíróònù ní ₦9,000 owó àpò mi. Ìyẹn jẹ́ ₦750 ní Sátidé kọ̀ọ̀kan. Màmi kọ ọ́ sínú ìwé mátíróònù, wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n gbá mi lórí pẹ́pẹ́, wọ́n sì lọ wọ mọ́tò padà sí Kàdúná. Òtútù ìlú yìí ní oṣù kìíní, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Mo rántí pé aṣọ ìró ni wọ́n fi bo orí.

Ní ìparí ọ̀sẹ̀ kẹta, àpótí mi ò ní nǹkan kan mọ́ àfi ẹ̀pà díẹ̀ tó ti bù.

Kí lẹ rò pé ó ṣẹlẹ̀? Ọ̀rọ̀ àwọn sínìọ̀, ẹ jẹ́ n fi sílẹ̀, nítorí àwọn náà yóò ka ìwé yìí. Àmọ́ tí n bá fẹ́ sọ òótọ́, ohun tí àwọn sínìọ̀ jẹ níbẹ̀ ò tó ìdá mẹ́rin. Irọ́ kan ló jẹ èyí tó kù.

Nígbà tí mo wà ní JSS1, ọ̀sẹ̀ tí a kọ́kọ́ dé, a jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, gbogbo wa ń sọ iṣẹ́ tí òbí wa ń ṣe. Ọ̀kan ní lọ́yà ni bàbá òun. Ọ̀kan ní dókítà ni màmá òun ní Àbújá. Nígbà tó kàn mí, ẹnu mi kàn là, mo ní, "Màmá mi ní súpámákẹ́ẹ̀tì." Ẹ̀lúbọ́ ni Màmi ń tà. Ẹ̀lúbọ́, gàárì, àti ata gbígbẹ, lórí tábìlì kan lábẹ́ agbòòrùn ní ẹ̀gbẹ́ ọjà. Kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀. Òun ni wọ́n fi ń san owó ilé-ìwé mi. Mi ò lè sọ ìdí tí mo fi purọ́ náà ju pé ẹni tó sọ̀rọ̀ ṣáájú mi ní dókítà.

Irọ́ yẹn ò ju gbólóhùn kan lọ, ṣùgbọ́n ó máa ń jẹun. Ọmọ tí màmá rẹ̀ ní súpámákẹ́ẹ̀tì ò lè mu gàárì láìfi mílíìkì sí i. Kò lè ní kí ẹlòmíì fún òun ní bisikíìtì, òun ló yẹ kó máa fún wọn. Bí wọ́n bá ní "ẹ jẹ́ ká lọ sí tọ́kíṣọ́ọ̀bù", kò lè sọ pé "mi ò ní owó". Nítorí náà mílíìkì méjì lọ́sẹ̀ di méjìlá lọ́sẹ̀. Mo ń bu Milo fún èèyàn mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo wọn ń pè mí ní "ọmọ súpámákẹ́ẹ̀tì", ó sì ń dùn mọ́ mi. Ẹ má purọ́ fún mi, ó máa dùn mọ́ ẹ̀yin náà.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ọjọ́ ìbí ọ̀kan nínú wa. Mo sọ fún mátíróònù pé bàtà mi ti já, pé mo fẹ́ ra sáńdààsì, mo sì gba ₦3,500. Míìtì páì mẹ́fà ní ₦300, ₦1,800 nìyẹn. Mínírà mẹ́fà ní ₦250, ₦1,500. Ọgọ́rùn-ún méjì tó kù, mo fi ra súìtì. Ó gbà wá tó ìṣẹ́jú ogún láti jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá mátíróònù láti mọ iye tó kù. Wọ́n ní ₦4,000 ni, pé tí a bá pín in sí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, ₦400 ni n ó máa gbà ní Sátidé. Wọ́n wo ẹsẹ̀ mi. Bàtà àtijọ́ náà ló wà lẹ́sẹ̀ mi. Wọn ò sọ nǹkan kan, mo yára kúrò níbẹ̀.

Báyìí ni mo ṣe dé ọ̀dọ̀ Báńkì.

Tẹ́ ò bá mọ Báńkì, bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, àpótí rẹ̀ sì ní àgádágodo méjì. Títí táàmù yóò fi parí, gàárì kì í tán nínú àpótí náà. Ó ní ìwé kékeré kan tó ń kọ orúkọ sí. Òfin rẹ̀ ò le láti mọ̀: tó o bá yá kọ́ọ̀pù kan, kọ́ọ̀pù méjì lo máa dá padà lọ́jọ́ ìbẹ̀wò. Mílíìkì kan, méjì. Owó, yóò fi díẹ̀ lé e. Kì í ṣe òun ló dá òfin yìí sílẹ̀ o, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní họ́sítẹ́ẹ̀lì la bá a. Láàárín ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹrin mo yá gàárì kọ́ọ̀pù mẹ́ta, mílíìkì mẹ́rin, àti ₦500. Nínú ìwé Báńkì, ó di kọ́ọ̀pù mẹ́fà, mílíìkì mẹ́jọ, àti ₦700. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo rí i. Mo ní, "Ṣé ìyẹn nìkan ni? Tí Màmi bá ti dé." Irọ́ yẹn ló tún ń sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ ìbẹ̀wò kìíní bọ́ sí ọ̀sẹ̀ karùn-ún. Màmi ò wá. Wọ́n pe fóònù mátíróònù, wọ́n ní owó mọ́tò ti gun òkè, ọjà ò sì tà, pé àwọn ń bọ̀ ní ìbẹ̀wò kejì, kí n fara balẹ̀, kí n máa ṣọ́ ohun tó wà lọ́wọ́ mi ná. Mo ní, "Ẹ ṣé, Màmi." Kí ni ǹ bá tún sọ?

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn Báńkì wá jókòó létí bẹ́ẹ̀dì mi. Kò pariwo, kò bú mi. Ó ní kò burú, kí n kàn máa bá òun pọn omi bọ́kẹ́ẹ̀tì kan láràárọ̀ títí Màmi yóò fi dé, kí n sì máa fọ yunifọ́ọ̀mù òun ní Sátidé. Ó dùn mọ́ mi nínú pé kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo gbà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì mọ ohun tí aago márùn-ún àárọ̀ jẹ́ nídìí ẹ̀rọ omi nígbà ọyẹ́. Irin ẹ̀rọ yẹn máa ń mú ọwọ́ bí ẹni pé ó ní eyín. Mo ń pọn bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì, tèmi àti tirẹ̀. Ẹ̀yìn ọwọ́ mi là, ètè mi là. Mo sọ fún àwọn tó béèrè pé Báńkì ni ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́, pé mo kàn ń ràn án lọ́wọ́ ni.

Ó wá di Tọ́sìdeè ọ̀sẹ̀ keje. Ní ìpàdé ẹgbẹ́, olùkọ́ wa ń kọ́ wa bí àwọn Yorùbá ṣe ń ná owó àti bí wọ́n ṣe ń yá owó láyé àtijọ́. Wọ́n ní owó ẹyọ ni wọ́n ń ná, pé ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan, pé ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000 ẹyọ, ẹrù gidi sì ni láti gbé. (Mo rò ó pé tí míìtì páì bá jẹ́ ohun tí èèyàn gbọ́dọ̀ ka ẹyọ kọ̀ọ̀kan fún, bóyá ǹ bá ti ronú.) Wọ́n sọ fún wa nípa ìwé The History of the Yorubas tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ, tó parí rẹ̀ ní 1897, ṣùgbọ́n tí wọn ò tẹ̀ jáde títí di 1921, lẹ́yìn tó ti kú, nígbà tí àbúrò rẹ̀ Dókítà Obadiah Johnson tún un ṣe. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ gbèsè wà níbẹ̀. Ẹni tó bá jẹ gbèsè tí kò san, wọ́n lè rán ológò lọ dógò tì í. Ológò yóò wọlé onígbèsè, yóò jókòó pa síbẹ̀, yóò máa yọ gbogbo ilé lẹ́nu, yóò mú adìẹ tó bá rí, títí wọn yóò fi wá owó náà jáde. A rẹ́rìn-ín, nítorí a mọ sínìọ̀ tó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n dé orí ìwọ̀fà. Wọ́n ní ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Ọmọ ọlọ́mọ ni, ó ní ilé bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń sìn fún ẹni tó yá a lówó. Iṣẹ́ tó ń ṣe yìí, wọn kì í yọ ọ́ kúrò nínú gbèsè. Èlé ni iṣẹ́ náà jẹ́. Tó bá yá 1,200, tó ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́ta, 1,200 náà ló ṣì ń jẹ ní ọjọ́ tó fẹ́ kúrò.

Inú mi dà rú. Mo ti ń ka bọ́kẹ́ẹ̀tì nínú ọkàn mi, mo rò pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dín in kù. Mo ti pọn mẹ́tàdínlógún. Mi ò tíì bi Báńkì rí bóyá kọ́ọ̀pù mẹ́fà náà ti di márùn-ún. Kí n tó mọ̀, mo ti na ọwọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ìwọ̀fà ṣì wà?"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ Bẹ́rọ̀m tó wà nínú ẹgbẹ́ wa, tó máa ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tuntun sílẹ̀, nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, ó ń dúró de ìdáhùn kó lè kọ ọ́. Olùkọ́ náà ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń wo ọwọ́ mi tí mo nà sókè.

Nígbà tí ìpàdé tú, wọ́n ní kí n dúró. Mi ò ní sọ gbogbo ohun tí mo sọ fún wọn. Mo sunkún. Wọn ò pè mí ní òmùgọ̀, wọn ò sì sáré lọ bá mátíróònù. Ìwé ni wọ́n fún mi, wọ́n ní kí n lọ kọ gbogbo ohun tí mo ti rà àti ohun tí mo ti fún èèyàn láti ọjọ́ tí a ti wọlé, kí n má fi ọ̀kan pamọ́. Ó gbà mí ní gbogbo àkókò prep alẹ́ yẹn. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé nínú gbogbo rẹ̀, ohun tí ebi mú mi rà ò ju mẹ́rin lọ. Àwọn tó kù, ojú èèyàn ni mo rà wọ́n fún.

Lọ́jọ́ kejì olùkọ́ pe èmi àti Báńkì pọ̀. Ẹ̀rù bà mí fún un, nítorí mo rò pé wọ́n máa nà án. Wọ́n kàn bi í pé, "Gàárì mélòó ló jẹ nínú tìrẹ?" Báńkì ní kọ́ọ̀pù mẹ́ta. "Omi mélòó ló ti pọn fún ọ?" Báńkì ò mọ̀. Èmi ni mo ní mẹ́tàdínlógún, yàtọ̀ sí yunifọ́ọ̀mù. Olùkọ́ dákẹ́ títí. Nígbà náà ni Báńkì sọ ohun tí mi ò mọ̀ rí. Ó ní ní JSS1, táàmù kìíní, gbogbo èèyàn yá provision òun, nítorí òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá. Wọn ò san padà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni òun fi wo àwọn tó jẹ nǹkan òun bí wọ́n ṣe ń mu gàárì tiwọn. Nígbà tí òun délé ní ọlidé, òun ra àgádágodo méjì.

Mo wà lára àwọn tó yá a nígbà yẹn. Bisikíìtì ni, mi ò rántí iye. Mi ò tiẹ̀ rántí pé mo yá a rí, àfi ìgbà tó sọ̀rọ̀.

Olùkọ́ wa wá pa òwe kan, ẹ̀yin náà ti gbọ́ ọ: ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó ti bẹ́gi dínà egbèje. Ẹgbẹ̀fà ni 1,200 ẹyọ, egbèje sì ni 1,400. Ẹni tí kò san ti àkọ́kọ́ ti gé igi dí ọ̀nà èyí tó jù ú lọ. Mo ti ń gbọ́ òwe yìí tipẹ́, mo rò pé ó ń sọ pé kí á má yá nǹkan ni. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó pa á mọ̀ pé a óò tún padà wá yá. Ọ̀nà ló ń sọ pé kí á má dí. Èmi ni mo gé igi dí ọ̀nà Báńkì ní JSS1, orí igi náà ni mo wá fẹsẹ̀ kọ ní JSS2.

Bí wọ́n ṣe parí ọ̀rọ̀ náà nìyí: omi pípọn dópin lọ́jọ́ yẹn. Omi tí mo ti pọn, òun ni èlé. Mo ṣì jẹ kọ́ọ̀pù mẹ́ta, mílíìkì mẹ́rin, àti ₦500, bó ṣe wà gan-an. Gbogbo wa gbà. Wọ́n ní mátíróònù gbọ́dọ̀ gbọ́ nípa bàtà, láti ẹnu mi. Mo sọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká fi èyíinì síbẹ̀.

Màmi wá ní ìbẹ̀wò kejì, ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án. Ìyẹ̀fun ẹ̀lúbọ́ díẹ̀ wà létí ìró wọn, ó dà bíi pé tààrà láti ọjà ni wọ́n ti wọ mọ́tò. Lọ́jọ́ mìíràn, ǹ bá ti sáré fà wọ́n lọ sábẹ́ igi tó wà lẹ́yìn kíláàsì kí àwọn èèyàn mi má bàa rí wọn. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Èyí ni ibi tí ó ń dùn mí jù láti kọ nínú ìwé yìí. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí ní ìgbà mẹ́ta.

Báńkì ló kọ́kọ́ rí wọn. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ mà. Ẹ kú iṣẹ́ súpámákẹ́ẹ̀tì."

Màmi wò mí. Àwọn ọ̀rẹ́ mi yòókù ti ń bọ̀ wá kí wọn. Mo ní kí n tún sọ nǹkan mìíràn, ọ̀rọ̀ ti wà lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí. Mo ní, "Wọn ò ní súpámákẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀lúbọ́ ni wọ́n ń tà ní Kàdúná. Èmi ni mo purọ́."

Ẹnikẹ́ni ò sọ nǹkan kan. Màmi wá sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n tún ìró ró, wọ́n ní, "Súpámákẹ́ẹ̀tì ni náà. Òrùlé ni ò ní."

Àwọn ọ̀rẹ́ mi bú sẹ́rìn-ín, Màmi náà rẹ́rìn-ín. Àmọ́ mo mọ Màmi. Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, wọ́n bi mí léèrè kan ṣoṣo: "Kí ni ẹ̀lúbọ́ ṣe ọ́?" Mi ò rí èsì fún wọn.

Mo wá sọ gbogbo gbèsè náà fún wọn. Mo rò pé wọ́n máa san án kíá kí ojú má bàa tì wọ́n. Wọ́n ní, "₦500, ìwọ lo ná an, ìwọ lo máa san án." Wọ́n ní kí n máa yọ ₦100 nínú ₦400 mi ní Sátidé kọ̀ọ̀kan. Mo sì ti san ₦200 lọ́wọ́ ara mi kí wọ́n tó dé. Gàárì ni wọ́n ní àwọn máa fún mi dá padà, nítorí gàárì ò hù ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Wọ́n pe Báńkì. Wọ́n gba kọ́ọ̀pù rẹ̀ gan-an, èyí tó fi wọn tèmi, wọ́n wọn ọ̀kan, ó kún dé etí. Wọ́n wọn èkejì. Wọ́n wọn ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn náà, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe níwájú tábìlì wọn lọ́jà, wọ́n tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e.

Báńkì ní, "Mà, ó ti pé. Olùkọ́ ní mẹ́ta ni."

Màmi ní, "Mo mọ̀ pé ó ti pé. Èènì nìyẹn."

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ronú lórí èlé àti èènì. Méjèèjì jẹ́ àlékún. Èlé, ẹni tó ni nǹkan ló ń bù ú lé ọ lórí kó tó fún ọ. Èènì, ẹni tó ń san tàbí ẹni tó ń tà ló ń bù ú láti inú ara rẹ̀ wá lẹ́yìn tí òǹkà ti pé. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pé ná o. Ohun tí èmi ń ṣe ní tèmi, èènì ni mo ń bù káàkiri láìtíì wọn òǹkà. Milo fún èèyàn mẹ́ta, míìtì páì mẹ́fà. Mo rò pé ọ̀làwọ́ ni mí.

Nígbà tí mo dé ilé ní ọlidé mo sọ ọ́ fún Màmá àgbà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, bàbá àgbà ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Kàdúná, wọ́n sì ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé Hausa wọn dùn ju tèmi lọ. Wọ́n ṣì ń so owó mọ́ etí ìró. Wọ́n ní Yorùbá ní orúkọ fún èmi àti Báńkì. Èmi ni àpà, Báńkì ni ahun. Àpà ń ná ohun tí kò ní, ahun ò lè ná ohun tó ní, ẹ̀rù ló sì ń ba àwọn méjèèjì. Wọ́n sọ bí àwọn ṣe dá àjọ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún: alájọ ń wá lójoojúmọ́, iye kan náà ni wọ́n ń fún un, yálà ọjà tà tàbí kò tà. Tí oṣù bá pé, yóò kó gbogbo rẹ̀ fún wọn, yóò mú ti ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀. Mo ní àmọ́ wọn ò rí èlé kankan lórí rẹ̀, àwọn fúnra wọn tiẹ̀ ń san nǹkan. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, pé owó tí àwọn ń san fún alájọ, owó kí ẹnì kan gba owó lọ́wọ́ àwọn ni. Wọ́n mọ ara wọn. Wọ́n mọ̀ pé tí ó bá wà nílé, àwọn á ná an. Mo fẹ́ràn ìyẹn. Wọ́n máa ń bá wa wí pé "ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n", mo sì rò pé owó nìkan ni èèyàn gbọ́dọ̀ mọ ìwọ̀n rẹ̀. Ó dà bíi pé èèyàn gbọ́dọ̀ mọ ọwọ́ ara rẹ̀ pẹ̀lú.

Ibì kan wà tí èmi àti Màmá àgbà ò ti gbà fún ara wa. Wọ́n ní kí n má yá nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ láé. Ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, kò ṣeé ṣe. Ọ̀sẹ̀ kan á wà tí ọṣẹ rẹ á tán lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Mo ní n ó máa yá, n ó sì máa san. Wọ́n ní, "Ó dáa, a óò máa wò ọ́."

Ní táàmù kẹta yìí, àwa márùn-ún bẹ̀rẹ̀ èésú. ₦100 ní Sátidé, ẹnì kan á kó ₦500 lọ, ọ̀sẹ̀ kejì ẹlòmíì á kó o. Kò sí èlé nínú rẹ̀. Mo ní kí wọ́n fi mí sí ìkarùn-ún, nítorí mi ò tíì gbẹ́kẹ̀ lé ara mi pé tí mo bá kọ́kọ́ kó o, n ó rántí dá tèmi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó kù. Kì í ṣe pé mo ti di èèyàn dáadáa o. Sátidé tó kọjá mo ra míìtì páì méjì, mo sì jẹ méjèèjì ní ẹ̀yìn kíláàsì kí ẹnì kankan má bàa ní kí n fún òun. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi: míìtì páì 2, ₦600, ebi ò pa mí.

Báńkì wà nínú èésú náà. Òun ni akápò, kí lẹ rò? Ó ṣì ní àgádágodo méjì, ṣùgbọ́n ní báyìí, kọ́ọ̀pù kan ló ń gbà padà fún kọ́ọ̀pù kan, tó bá jẹ́ ẹni tó ti san ti tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ kọkànlá táàmù tó kọjá ni mo san ₦100 tó kẹ́yìn fún un. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó fa ìlà lé orúkọ mi lórí lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí n wò ó dáadáa.

Kí ọjọ́ ìbẹ̀wò táàmù yìí tó pé, ó wá bá mi. Ó ní màmá òun gbọ́ nípa ẹ̀lúbọ́ Kàdúná, pé wọ́n fẹ́ ra múdù méjì lọ́wọ́ súpámákẹ́ẹ̀tì wa, ṣé Màmi á lè gbé e wá. Mo bá mátíróònù yá fóònù, mo pe Màmi. Wọ́n gbé e wá nínú ọ̀rá funfun, wọ́n sì wọn ọ́n lójú màmá Báńkì lábẹ́ igi iwájú ọ́fíìsì, níbi tí gbogbo èèyàn ti ń kọjá. Múdù kan, múdù méjì. Màmá Báńkì ti ń na owó sí wọn nígbà tí Màmi tún ki ọwọ́ bọ inú ọ̀rá.